Àtàǹpàkò Bíríkìlà

Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ni Bíríkìlà ti bọ́ kó tó kú. Ti ọ̀tún ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, okùn rẹ̀ ti tú dé ìdajì. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ronú ohun tó gbàgbé síbi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, omi ìwẹ̀ yín ti ń tutù." Bàbá ò dáhùn. Ó tún un sọ. Ìgbà tó fọwọ́ kàn án léjìká ló tó mọ̀ pé òun nìkan lòun ń sọ̀rọ̀.

Kò ṣàìsàn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó jẹun, ó bú ẹni tó jí ṣọ́bìrì rẹ̀, ó sì lọ rẹ́ ògiri ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ìlú. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn ará àdúgbò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ọkàn ta ni kì í dúró tí onítọ̀hún bá kú? Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó dá a dúró.

Èèyàn mẹ́rin ló kù nínú ilé. Àkọ́kọ́ ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Wẹ́dà, tó ń jó irin lójú títì. Ìyàwó Wẹ́dà ni Onídìrí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ obìnrin ni Aránṣọ. Ọkọ Aránṣọ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì lè lo oṣù méjì lójú ọ̀nà. Oyún méjì ti wálẹ̀ lára obìnrin yìí, ìkẹta ti lé ní oṣù mẹ́ta nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ẹnì kẹrin ni ẹ̀gbọ́n olóògbé, obìnrin àgbà kan tí kò bímọ, tó ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé. Màmá Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló tọ́ Aránṣọ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, nígbà tí ìyá tó bí i kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Aránṣọ ti kọ́ oorun sísùn.

Màmá Ẹ̀yìnkùlé ló wẹ òkú àbúrò rẹ̀. Ó lé gbogbo èèyàn síta, ó tilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa ṣí i, ó ti fi gèlè funfun rẹ̀ di ọwọ́ òkú náà méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ di í lọ́wọ́?" Wẹ́dà béèrè.

"Mo di í ni. Ẹ sin ín bẹ́ẹ̀."

Wọ́n sin ín bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún ronú kàn án, àfi Onídìrí.

Bíríkìlà lówó ní báńkì. Kò fi ìyẹn pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ rí. Ó máa ń sọ pé, "Tí mo bá lọ, ẹ ò gbọdọ̀ jà. Ó wà ní báńkì. Ẹ pín in lọ́gbọọgba." Wẹ́dà fẹ́ fi ìpín tirẹ̀ ra ẹ̀rọ. Ti Aránṣọ kì í ṣe ohun tó lè dúró. Dókítà ti sọ fún un pé ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ ò lágbára, ìdí nìyẹn tí oyún fi ń já bọ́, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi okùn rán an kí oyún náà tó pé oṣù márùn-ún.

"Iṣẹ́ tèmi náà ni ẹ fẹ́ ṣe fún mi yẹn," ó wí fún dókítà. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ iye tí okùn náà jẹ́. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkọ rẹ̀ fi ohun tó ní ránṣẹ́, kò tó ìdajì. Ìyókù wà ní báńkì.

Ní báńkì, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Wọ́n mú un lọ. Wọ́n ní ó ku ìwé láti kóòtù. Kóòtù ní àwọn ò lè kọ ìwé láìkọ́kọ́ rí ìwé báńkì. Báńkì ní àwọn ò lè kọ nǹkan kan láìrí ti kóòtù. Wọ́n ní ó ku fọ́tò. Fọ́tò dé, wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ ò funfun tó. Lọ́jọ́ kan nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Lọ́jọ́ kejì nẹ́tíwọ̀kì dé, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ti lọ sin bàbá tirẹ̀.

"Òun náà á tò sórí ìlà yìí láìpẹ́," Wẹ́dà wí. "Ká wo bí wọ́n á ṣe ṣe tiẹ̀."

Akọ̀wé kan fa fọ́ọ̀mù kan yọ sí wọn. "Ẹ fún bàbá, kí wọ́n fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ibí yìí."

"Bàbá tó kú?"

"Ẹni tó ni àkáǹtì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun fẹ́ pa á dé."

"Ọ̀gá, ṣé kí n lọ hú u ni?"

Akọ̀wé náà wo fọ́ọ̀mù, ó wo Wẹ́dà, ó tún wo fọ́ọ̀mù. "Ẹ ṣì jókòó sọ́hùn-ún ná."

Wọ́n jókòó sórí àga irin títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn báńkì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Aránṣọ á gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀, á máa wo aago ara ògiri.

Nílé, ẹyẹ kan ti bẹ̀rẹ̀ ìdààmú tirẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta ìsìnkú ló ti ń wá síbi fèrèsé yàrá Bíríkìlà, ẹyẹ kékeré kan báyìí tó dúdú lórí. Á fi ẹnu gbá gíláàsì, á fò sẹ́yìn, á tún padà kọlù ú. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń ṣe é. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ á wà lára gíláàsì. Onídìrí ti ta kọ́tìnì dúdú sí fèrèsé náà lọ́jọ́ ìsìnkú, kò sì sẹ́ni tó tún ṣí yàrá náà wò.

"Ẹ ká kọ́tìnì yẹn kúrò," Màmá Ẹ̀yìnkùlé wí. "Ẹyẹ náà á lọ."

Onídìrí dúró títí obìnrin àgbà náà fi wọlé. Orí Aránṣọ ló ń dì lọ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọ bí? Ta ló sọ ohun tí ẹyẹ ń fẹ́ fún wọn?"

"Ìyàwó wa, jọ̀ọ́."

"Àǹtí wa, ẹ má bínú sí mi, ẹnu mi ni ò ní ìdè. Ọjọ́ Ẹtì tó bá gbẹ̀yìn oṣù, nídàájí, bàbá á kọ́kọ́ jáde. Màmá á dúró díẹ̀, wọ́n á wá yọ́ tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ̀yìn ilé ọlọ́lọ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Mo fojú mi méjèèjì rí i, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ṣé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò gbọdọ̀ rìn pọ̀ ni?"

"Kí ló dé tí wọn ò rìn pọ̀ láti ilé? Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ o. Mo kàn ní mo lójú ni. Ẹ̀yin ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó ń fún yín lágbo nígbà oyún àkọ́kọ́. Ta ló gbé e lọ́wọ́ nígbà tó wálẹ̀? Ìkejì ńkọ́?"

"Fà á rọra. Orí mi ni, kì í ṣe okùn."

Aránṣọ bínú lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dà bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò rí i mọ́, àmọ́ ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò sì fẹsẹ̀ lásán rìn níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, Màmá Ẹ̀yìnkùlé wá jókòó tì í níbi tó ti ń ránṣọ.

"Ìgbà wo ni dókítà ní kó o wá?"

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, Màmá. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ yẹn. Tí owó bá jáde."

Obìnrin àgbà náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Á jáde," ó wí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Aránṣọ rí i tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde, aṣọ rẹ̀ tó dáa jù lọ lára, ìborùn lọ́rùn. Ó kí i. Kò gbọ́. Ọ̀sán ló padà dé, ó wọ yàrá rẹ̀, kò sì jáde jẹun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn ọmọ Bíríkìlà dé báńkì, wọn ò ní kí wọ́n jókòó sórí àga irin. Máníjà fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n wọ yàrá inú. Ọmọbìnrin akọ̀wé kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ṣé ó dá yín lójú pé bàbá yín ti kú?"

"Èmi ni mo da iyẹ̀pẹ̀ sí wọn," Wẹ́dà dáhùn.

"Ìka bàbá yín wá síbí lánàá."

Máníjà ní kí ọmọbìnrin náà sọ ohun tó rí.

"Màmá àgbà kan ni," ó wí. "Wọ́n fẹ́ gba owó. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ka sórí ẹ̀rọ tó ń ka ìka. Wọ́n fi ìborùn bo ọwọ́ wọn, wọ́n wá gbé nǹkan lé e lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀rọ kà á. Ojú kọ̀ǹpútà ṣí. Mo ti fẹ́ máa kàwó, ni mo bá gbójú sókè, mo rí fọ́tò ọkùnrin. Mo ní, 'Màmá, ta ni yín?' Ni wọ́n bá sá. Mi ò rí ohun tí wọ́n gbé lé ẹ̀rọ o. Ṣùgbọ́n ìka bàbá yín ni."

"A ti ti àkáǹtì náà pa," máníjà wí. "Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án títí a ó fi wádìí."

"Títí di ìgbà wo?" Aránṣọ béèrè. Ó ti dìde dúró. "Ọ̀gá, ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ rán mi."

Máníjà ò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní kó fi sùúrù ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Onídìrí ò tilẹ̀ ní láti pariwo. "Ta ló wẹ òkú? Ta ló tilẹ̀kùn? Ta ló di ọwọ́ òkú náà pé ká má ṣe tú u? Wọ́n ti gé àtàǹpàkò bàbá, òun ni wọ́n ń gbé kiri. Ẹyẹ tó wà lójú fèrèsé mọ ohun tó ń wá o. Ó ń wá ìka rẹ̀ ni!"

Oyún náà wálẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkùnrin ni. Ó ku ọjọ́ kan péré kó di ọjọ́ Ajé.

Màmá Ẹ̀yìnkùlé ló bá a fọ àwọn aṣọ tó dọ̀tí. Ó fọ̀ wọ́n léraléra títí omi fi mọ́. Nígbà tó kó wọn wọlé, Aránṣọ dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Wẹ́dà àti Onídìrí wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ṣé ẹ lọ sí báńkì lọ́jọ́bọ̀?"

Obìnrin àgbà náà gbé aṣọ sílẹ̀. "Mo lọ."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fi ìka bàbá mi gbowó?"

Ó tún àwọn aṣọ náà gbé, ó ń ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ dá mi lóhùn! Kí lẹ ṣe fún bàbá mi? Kí lẹ ṣe fún ọmọ mi? Ọmọ mẹ́ta, Màmá! Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí dàgbà. Tí ebi bá ń pa yín, ṣé ti inú mi nìkan lẹ rí jẹ?"

Màmá Ẹ̀yìnkùlé fi ọwọ́ di ògiri mú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ. "Ti èyí," ó wí, "ọwọ́ mi ló fà á. Tí mi ò bá lọ ni, bóyá…"

"Ó ti jẹ́wọ́!" Onídìrí kígbe. "Ẹ̀yin ará ilé, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!"

Wẹ́dà sáré lọ sẹ́yìnkùlé, ó fa àpótí obìnrin àgbà náà síta, ó dà á sílẹ̀. Aṣọ mẹ́ta, abọ́ kan, fọ́tò Aránṣọ nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Nísàlẹ̀ pátápátá, nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n fi aṣọ wé. Wẹ́dà tú u. Nǹkan náà le, ó dúdú, ó rí gẹ́lẹ́ bí àtàǹpàkò. Ó sọ ọ́ sílẹ̀ bí iná. Onídìrí figbe ta. Àwọn ará àdúgbò tó ti kún ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn.

Màmá Ẹ̀yìnkùlé ló bẹ̀rẹ̀ mú un. "Ẹ fún mi," ó wí. "Ti àbúrò mi ni." Ó dì í mọ́ àyà.

Òkúta àkọ́kọ́ bà á léjìká. Wẹ́dà ò jẹ́ kí wọ́n ju ìkejì. Ká sọ òtítọ́. Ó fọwọ́ dí wọn lọ́nà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kó ṣáà lọ." Obìnrin tó tọ́ àwọn ọmọ Bíríkìlà rìn kọjá láàárín èrò láìwọ bàtà. Nígbà tó dé iwájú yàrá Aránṣọ, ó dúró. Aránṣọ gbọ́ pé ó dúró. Kò yíjú padà.

Oṣù méjì kọjá. Ẹyẹ náà ò yé wá kan fèrèsé. Báńkì kọ̀wé pé àwọn ń wá ẹni tó gba ìka Bíríkìlà sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀ka, pé òṣìṣẹ́ náà ti fẹ̀yìn tì, pé tí ẹbí bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sọ. Aránṣọ mọ̀ ọ́n. Bàbá Onígíláàsì ni, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí ilé ọlọ́lọ̀. Òwú ló fi so apá gíláàsì ojú rẹ̀ kan. Aránṣọ bá a níbi tó ti ń tún ẹsẹ̀ àga ṣe. Ohun tó mú un lọ ni pé kó wá jẹ́rìí sí ìwà ìkà tí wọ́n hù sí bàbá òun. Ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀: òkú tí wọ́n di lọ́wọ́, ìka, oyún, bí wọ́n ṣe lé obìnrin náà.

Bàbá Onígíláàsì gbé òòlù sílẹ̀. "Ẹ lé e?"

"Bàbá, ìka bàbá mi wà nínú àpótí rẹ̀!"

"Bàbá yín ò ní ìka kankan tí ẹ̀rọ lè kà, ọmọ mi. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ wọn. Nígbà tí báńkì kó ẹ̀rọ dé pé kí gbogbo èèyàn wá tẹ̀ka, mo gbé ọwọ́ wọn lé e, ọ̀tún, òsì, nígbà mẹ́wàá. Àfi bí ìgbà tèèyàn gbé ṣíbí lé e. Wọ́n sì ti sọ fún wa pé ẹni tí ẹ̀rọ ò bá kà, kò ní lè gba owó rẹ̀ mọ́. Bàbá yín jókòó síwájú mi, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ló sìn wọ́n wá. Mo ní, 'Ṣé ìyá kan náà ló bí yín?' Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, 'Màmá, ẹ mú ìka yín wá.' Ó kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ìka Màmá?"

"Ìka Màmá ni, láti ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, kí ló burú níbẹ̀? Àwọn náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ẹ̀rù wá bà mí. Mo ní tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́, wọ́n á lé mi níṣẹ́, wọ́n á ti ẹni tó ni ìka mọ́lé, owó àwọn ọmọ á sì sọnù. Mo mú àwọn méjèèjì búra. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa wá sí báńkì nídàájí, kí wọ́n má rìn pọ̀ láti ilé, kí wọ́n pàdé lẹ́yìn ilé ọlọ́lọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ dé kí èrò tó pọ̀." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Tí ẹ bá ń wá àjẹ́, ọmọ mi, ẹ má lọ jìnnà. Ó ti jókòó síwájú yín."

Aránṣọ rìn délé. Ó wọ yàrá bàbá rẹ̀, ó fa kọ́tìnì dúdú náà já. Ẹyẹ wà lójú gíláàsì lọ́wọ́ lọ́wọ́. Ó fẹ́ kọlù ú, ó dúró, ó wò. Òjìji ara rẹ̀ tó ń bá jà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó fò lọ, kò sì padà wá mọ́ láé.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá Màmá Ẹ̀yìnkùlé. Ó bá a níbi ilé tí bàbá rẹ̀ ń rẹ́ kó tó kú. Bíríkìlà mìíràn ló gba iṣẹ́ náà. Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún ń gun àkàbà, páànù sìmẹ́ǹtì pípò lórí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń mì.

"Màmá, ẹ yára, ó ti ń le!" bíríkìlà náà pariwo lókè.

"Ìwọ náà ó le lọ́jọ́ kan," ó dá a lóhùn. Ó yí padà, ó rí Aránṣọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó gbé páànù sílẹ̀. "Ta ló kú?"

Aránṣọ ti kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Màmá, Bàbá Onígíláàsì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

"Ó búra. Àwa mẹ́ta la búra."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Mo lọ mú owó okùn rẹ wá. Mo bẹ̀rù, mo bo ọwọ́ mi, mo sá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ owó náà. Ọmọ náà kú. Tí mo bá sọ fún ọ, ṣé ó máa jí?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ìwọ sì ti ní mo jẹ ẹ́. Ẹni tí mo pọ̀n. Mo ní, ó dáa náà."

"Ọwọ́ bàbá mi tẹ́ ẹ dì…"

"Ó ti là, gbogbo ìka, ẹran ti yọ síta. Rọ́bà tẹ́ ẹ rí nínú àpótí mi yẹn, òun ló ń fi bo àtàǹpàkò rẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí ìyẹn ló ń dùn ún jù. Kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí owó náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá ọ̀nà tẹ́ ẹ ò fi ní rí i."

Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ kó padà sílé. Ó kọ̀. Ó fi ògiri inú yàrá kan hàn án. "Èyí ló rẹ́ gbẹ̀yìn. Wò ó, kò wọ́ níbì kankan. Ibẹ̀ ni mò ń sùn." Ìgbà tí Aránṣọ sọ fún un pé máníjà ti gbà, pé tó bá lè wá tẹ ìka rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, tí Bàbá Onígíláàsì bá sì jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ máa tán, ìgbà yẹn ló tó gbọ́rọ̀.

"Owó yẹn, ẹ máa gbé e lọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mi ò gé ara àbúrò mi."

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, báńkì kún. Onídìrí kó obìnrin mẹ́ta dání láti àdúgbò. Wẹ́dà dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ní kó dìde, pé ilẹ̀ dọ̀tí. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tí Aránṣọ rán fún un. Kò mú ìborùn. Nígbà tó dé iwájú ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn rí i, ó ya ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ó wá gbé àtàǹpàkò rẹ̀ kalẹ̀.

Iná pupa.

"Ẹ tún un gbé," akọ̀wé wí.

Iná pupa. Wọ́n fi òwú nu ìka náà. Iná pupa. Wọ́n nu ojú ẹ̀rọ. Wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́ le, wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́ rọra. Máníjà fúnra rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Iná pupa. Bàbá Onígíláàsì fa ọwọ́ náà mọ́ra, ó gbé e sún mọ́ gíláàsì rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ó ti lọ," ó wí. "Sìmẹ́ǹtì."

"Ẹ ò rí i bí?" Onídìrí yíjú sí àwọn obìnrin tó kó wá. "Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́! Ìka rẹ̀ kọ́ ló tẹ̀ lọ́jọ́ sí, mo ti sọ!" Àwọn obìnrin náà mi orí. Ohun tí wọ́n gbé délé nìyẹn, ohun tí wọ́n sì ń sọ títí dòní nìyẹn. Wẹ́dà ní kí ìyàwó rẹ̀ panu mọ́. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́.

Màmá Ẹ̀yìnkùlé ò gbọ́ wọn. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ó ti jọ tiẹ̀," ó wí. "Ẹ wò ó. Ó ti wá jọ ti àbúrò mi."

Máníjà wú ikọ́. Ó ní nígbà mìíràn ìlà ọwọ́ máa ń padà téèyàn bá sinmi iṣẹ́, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n má gbàgbé ìwé kóòtù.

Aránṣọ mú un padà sí yàrá ẹ̀yìnkùlé, ara Màmá ò sì gbé iṣẹ́ mọ́ débi tó fi lè kọ̀. Nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Aránṣọ á gbé ìpara wá, á jókòó sílẹ̀, á gbé ọwọ́ ọ̀tún náà lé itan rẹ̀, á máa fi pa á. Wọn kì í sọ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, Màmá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, "Owó lò ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Rárá, Màmá."

"Kí lò ń wá?"

Aránṣọ ń bá ìpara lọ.

Màmá fún un ní ìka mẹ́rin. Àtàǹpàkò tó jọ ti àbúrò rẹ̀, ó ká a sínú, ó di í mú.